Ẹ̀rọ Tí Ń Ṣe Iṣẹ́ Ọmọ-Iṣẹ́: Ta Ni Yóò Di Ọ̀gá Lọ́la?

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọ̀dọ́ sọ níbi àpéjọ wọn)



Àkòrí tí ẹ fún mi gbòòrò púpọ̀, kò sì ṣeé sọ tán ní ìjókòó kan. Nítorí náà, ọ̀ràn kan ṣoṣo ni n ó dì mú nínú rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣirò owó ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ni ó wá bá mi tí ó sọ pé: “Àlàájì, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Iṣẹ́ tí mo ń fi ọdún mẹ́rin kọ́ yìí, ẹ̀rọ kan ń ṣe é ní ìṣẹ́jú kan. Ṣé kí n máa bá a lọ ni, àbí kí n wá ọjà tà?” N kò dá a lóhùn lọ́jọ́ náà, nítorí ìbéèrè rẹ̀ kì í ṣe èyí tí a ń fi ìkánjú dáhùn. Èsì tí ó yẹ kí n fún un ni mo mú wá fún gbogbo yín lónìí.

Kí ni ẹ̀rọ náà?

Ọgbọ́n àtọwọ́dá ni à ń pè é. AI ni àwọn Òyìnbó gé orúkọ rẹ̀ kúrú sí. Àwọn onímọ̀ kó àìmọye ìwé àti ọ̀rọ̀ tí ọmọ ènìyàn ti kọ sílẹ̀, wọ́n fi bọ́ kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà náà sì ń ṣàkíyèsí bí ọ̀rọ̀ kan ti máa ń tẹ̀ lé òmíràn. Bí a bá bi í ní ìbéèrè, yóò ṣírò ọ̀rọ̀ tí ó ṣeé ṣe jùlọ kí ó tẹ̀ lé èyí tí ó wà nílẹ̀, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí èsì yóò fi pé. Kì í ṣe àlùjànnú, kì í sì í ṣe ènìyàn. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni ilé-iṣẹ́ OpenAI ní Amẹ́ríkà gbé ẹ̀rọ wọn tí ń jẹ́ ChatGPT jáde fún gbogbo ayé, láti ọjọ́ náà sì ni ọ̀rọ̀ yìí ti di ohun tí ará ilé àti ará oko ń sọ.

Ẹ má ṣe rò pé àjèjì ni gbòǹgbò rẹ̀ jẹ́ sí wa. Ìlànà ìṣirò tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé ní ìgbésẹ̀ ìgbésẹ̀, tí a ń pè ní algorithm, láti ara orúkọ Muhammad ibn Musa al-Khwarizmi ni wọ́n ti yọ ọ́. Mùsùlùmí onímọ̀ ni, ó gbé ní ìlú Baghdad nígbà ayé Kàlífà al-Ma'mun ní nǹkan bí 1,200 ọdún sẹ́yìn. Ìwé rẹ̀ lórí al-jabr, níbi tí álíjébrà ti gba orúkọ, ní ìpín ńlá kan tí ó dá lórí pínpín ogún. Ẹ kíyè sí i pé ìṣirò náà ní ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ fún: kí ẹ̀tọ́ ọmọ òkú má baà sọnù, kí oníṣòwò méjì sì lè pín èrè láìjà. Ìwọ̀n tí ó yẹ kí a fi wọn ẹ̀rọ òní náà nìyẹn. Ta ni ó ń ṣiṣẹ́ fún? Ẹ̀tọ́ ta ni ó sì lè sọnù nínú rẹ̀?

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́

Ní ìlú Istanbul, ní ọdún 1727, Sultan Ahmed Kẹta fún Ibrahim Müteferrika ní àṣẹ láti fi ẹ̀rọ tẹ ìwé ní lẹ́tà Lárúbáwá, ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ sì jáde ní ọdún 1729. Ṣáájú àkókò náà, àwọn adàwékọ ni ó ń fi ọwọ́ kọ ìwé fún àwọn ará ìlú, inú iṣẹ́ náà ni oúnjẹ òòjọ́ wọn ti ń jáde. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ẹ̀rọ gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Síbẹ̀, iṣẹ́ ọnà ìkọ̀wé Lárúbáwá kò parun ní ilẹ̀ Tọ́kì títí di òní. Kí ni ó pa á mọ́? Ọ̀gá ń bẹ tí ó ń gba ọmọ-iṣẹ́. Ọmọ náà yóò máa kọ lẹ́tà kan náà ní àkọtúnkọ, ọ̀gá yóò máa tọ́ka sí àléébù rẹ̀, títí di ọjọ́ tí yóò fún un ní ìjáàsà pé ó tó ẹni tí ń fi orúkọ ara rẹ̀ sí iṣẹ́. Ní ọdún 2021 ni àjọ UNESCO kọ iṣẹ́ ọnà yìí mọ́ àwọn ogún àṣà tí ó yẹ kí gbogbo ayé tọ́jú.

Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, àwọn àgbà inú wa kò ní gbàgbé àwọn taipísì. Kí a tó wọ ọ́fíìsì ìjọba tàbí ti agbẹjọ́rò ni a ó ti máa gbọ́ ìró ẹ̀rọ wọn. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, ọ̀pọ̀ ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà ara wọn. Àwọn taipísì tí ó tètè kọ́ kọ̀ǹpútà rí ọ̀nà mìíràn gbà, àwọn kan nínú wọn dá ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tí kò kọ́ ọ padà sílé. Èyí kọ́ wa pé iṣẹ́ lè kú, kí oníṣẹ́ má sì kú. Ṣùgbọ́n ó kọ́ wa pẹ̀lú pé kì í ṣe gbogbo oníṣẹ́ ni ó ń là á já.

Àsọtẹ́lẹ̀ tí kò ṣẹ

Kí ẹ̀rù má baà bà wá ju bí ó ti yẹ lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí. Ní ọdún 2016, Geoffrey Hinton, ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tí ó fi ìpìlẹ̀ ìmọ̀ yìí lélẹ̀, sọ ní gbangba pé kí wọ́n dẹ́kun kíkọ́ àwọn dókítà tí ń ka àwòrán inú ara, nítorí pé láàárín ọdún márùn-ún ẹ̀rọ yóò mọ̀ ọ́n kà jù wọ́n lọ. Ọdún márùn-ún náà ti kọjá tipẹ́, àwọn ilé ìwòsàn sì ṣì ń wá irú dókítà bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ti gbà pé ọ̀rọ̀ náà kọjá bí ó ti yẹ kí òun sọ ọ́. Níbo ni àṣìṣe rẹ̀ wà? Ó wo iṣẹ́ kan bí ẹni pé ohun kan ṣoṣo ni. Dókítà náà ń ka àwòrán lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó tún ń bá dókítà mìíràn gbìmọ̀, ó ń wádìí ìtàn àìsàn, ó ń pinnu irú àyẹ̀wò tí ó kàn, òun ni yóò sì dáhùn bí ọ̀rọ̀ bá wọ́. Ẹ̀rọ mú ẹ̀ka kan nínú igi náà. Igi náà ṣì dúró.

Ibi tí ewu wà gan-an

Bẹ́ẹ̀ sì ni, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò sí nǹkan kan. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, àjọ IMF sọ pé nǹkan bí 40 nínú 100 iṣẹ́ ní gbogbo ayé ni ọgbọ́n àtọwọ́dá lè fọwọ́ kàn. Ní àwọn orílẹ̀-èdè olówó, ó tó 60 nínú 100. Ní àwọn tí ó tòṣì jù, ó jẹ́ 26. Fífọwọ́kàn kì í ṣe pípa, nítorí ó lè sọ iṣẹ́ kan di rírọ̀, ó sì lè gba òmíràn. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ ń lé àwọn tí ń fi agbára apá ṣiṣẹ́. Èyí ń kan ìlẹ̀kùn àwọn tí ó kàwé.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Stanford gbé ìwádìí kan jáde láti inú àkọsílẹ̀ owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà. Wọ́n wo àwọn iṣẹ́ tí ẹ̀rọ yìí lè ṣe jùlọ, irú bíi kíkọ ètò kọ̀ǹpútà àti dídá oníbàárà lóhùn. Nínú àwọn iṣẹ́ náà, iye àwọn òṣìṣẹ́ tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ ọdún 22 sí 25 fi ìdá 13 nínú 100 rẹ̀yìn, nígbà tí a bá fi wé àwọn iṣẹ́ tí ẹ̀rọ kò fi bẹ́ẹ̀ kàn. Àwọn àgbà òṣìṣẹ́ inú iṣẹ́ kan náà ńkọ́? Iye tiwọn dúró, níbòmíràn ó tilẹ̀ pọ̀ sí i.

Ẹ̀yin ará mi, ibẹ̀ ni kókó ọ̀rọ̀ mi wà. Kì í ṣe ọ̀gá ni ẹ̀rọ yìí kọ́kọ́ ń lé, ọmọ-iṣẹ́ ni. Ẹ wo ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò gbọdọ̀ fi síkásọ̀ kan aṣọ oníbàárà. Yóò gbálẹ̀, yóò lọ aṣọ, yóò máa gbé bọ́tìnnì sí i, yóò sì máa ká etí rẹ̀. Iṣẹ́ kéékèèké ni, kò sì ní ògo. Ṣùgbọ́n níbi tí ó ti ń gbé bọ́tìnnì ni ojú rẹ̀ ti ń mọ ohun tí aṣọ jẹ́, tí ọwọ́ rẹ̀ ń mọ bí aṣọ òkè ti yàtọ̀ sí léèsì. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ìṣirò owó. Àwọn ọ̀dọ́ ni a máa ń fún ní iṣẹ́ fífi rìsíìtì wé ìwé báǹkì láti àárọ̀ di alẹ́. Iṣẹ́ tí ó súni ni, ẹ̀rọ sì ń ṣe é kíákíá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti fi ojú ara rẹ̀ rí i pé nọ́ńbà rìsíìtì kan wà ní ibi méjì ti kọ́ bí olè ti ń fi ara pamọ́ sínú ìwé. Lọ́jọ́ tí ó bá di ọ̀gá, ìmọ̀ náà ni a ó máa san owó fún.

Bí a bá wá fi gbogbo iṣẹ́ bọ́tìnnì fún ẹ̀rọ, ta ni yóò di ọ̀gá télọ̀ ní ogún ọdún sí i? Àwọn àgbà wa ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú; bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ilé-iṣẹ́ tí ó lé ọmọ-iṣẹ́ nítorí pé ẹ̀rọ pọ́ọ́kú ju ọmọ lọ ń gé ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ dànù, ó sì ń yọ̀ pé oko òun mọ́.

Ọgbọ́n tí a kò lò a máa ṣá

Ewu kejì wà fún ẹni tí ó ti mọ iṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ní ilẹ̀ Pólándì, wọ́n ṣe ìwádìí kan ní ilé ìwòsàn mẹ́rin, èyí tí ó jáde ní ọdún 2025. Àwọn dókítà náà ń fi kámẹ́rà wo inú ìfun àwọn ènìyàn láti wá kókó kéékèèké tí ó lè di jẹjẹrẹ, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ti ṣe irú àyẹ̀wò náà ju ìgbà 2,000 lọ. Kí ẹ̀rọ tó dé, wọ́n ń rí kókó lára nǹkan bí 28 nínú 100 ènìyàn. Lẹ́yìn tí wọ́n ti fi oṣù díẹ̀ lo ọgbọ́n àtọwọ́dá, ní àwọn àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe láìlò ó, iye náà wálẹ̀ sí nǹkan bí 22. Ìwádìí kan kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ ni. Bí ojú ògbólógbòó bá lè ṣíwọ́ láti máa wò dáadáa nítorí pé ẹlòmíràn ń bá a wò, báwo ni ti ọmọdé tí ojú rẹ̀ kò tí ì là rárá?

Ewu kẹta ni ti ìgbẹ́kẹ̀lé. Ní ọdún 2023, àwọn agbẹjọ́rò méjì ní New York kó ìwé lọ síwájú adájọ́, wọ́n tọ́ka sí àwọn ẹjọ́ àtijọ́ tí ó ti ọ̀rọ̀ wọn lẹ́yìn. Adájọ́ wá àwọn ẹjọ́ náà tì. Ẹ̀rọ ChatGPT ni ó hun wọ́n, kò sì sí ilé ẹjọ́ kankan tí ó dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Owó ìtanràn 5,000 dọ́là ni wọ́n bù fún wọn. Ẹ ṣàkíyèsí pé wọn kò pe ẹ̀rọ lẹ́jọ́, wọn kò sì bu owó ìtanràn fún un. Ẹni tí ó buwọ́ lùwé ni ó dáhùn. Àmánà kò ṣeé gbé fún ẹ̀rọ, nítorí ẹ̀rọ kò ní ojú tí yóò tì í, kò sì ní ọjọ́ tí yóò jíhìn.

Ní ti èdè wa, Google fi Yorùbá kún àwọn èdè tí ẹ̀rọ ògbufọ̀ rẹ̀ ń túmọ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 2013, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sì ti dára sí i gan-an láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ mọ Yorùbá kà mọ ohun tí àmì kan lè bàjẹ́. Bí a bá ní kí ẹ̀rọ túmọ̀ ìwé lórí bí a ti ń pín ogún, tí àmì orí ọ̀rọ̀ náà sì bọ́, ogun ni a ń pín fún àwọn ọmọ òkú. Bí ìwé náà bá jẹ́ ti ilé ìwòsàn, ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín oògùn àti òógùn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ta ni yóò rí àṣìṣe náà? Ẹni tí ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi àmì sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ ni. Bí kò bá sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ́, àṣìṣe yóò di òtítọ́.

Kí ni kí á ṣe?

Èkínní, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara yín ṣe iṣẹ́ náà kí ẹ tó bi ẹ̀rọ. Ọmọ ilé kéú ń kọ ọ́ sí wàláà, ó ń kà á, ó ń fọ̀ ọ́ nù, ó sì tún ń kọ òmíràn. Wàláà náà kì í dá nǹkan kan dúró; orí ọmọ ni ó ń dá a dúró. Ẹ ṣe iṣẹ́ yín tán, kí ẹ wá fi ti ẹ̀rọ wé e, kí ẹ sì wádìí ibi tí ẹ ti yàtọ̀. Ẹni tí ó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ sọ ẹ̀rọ di olùkọ́. Ẹni tí ó bá ń gba èsì rẹ̀ láìkọ́kọ́ gbìyànjú ń sọ ara rẹ̀ di ońṣẹ́ tí ń gbé ìwé láti ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ lọ fún olùkọ́.

Èkejì, ẹ má ṣe buwọ́ lu ohun tí ẹ kò lè fi ẹnu ara yín ṣàlàyé. Ẹni tí ó fi iṣẹ́ ẹ̀rọ gba ìwé ẹ̀rí ti purọ́ fún ẹni tí yóò gbà á síṣẹ́, ó sì ti jí ìmọ̀ ara rẹ̀ lọ́wọ́ ara rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ kọ́ ẹ̀rọ náà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gba ìròyìn rẹ̀ láìwọ̀n ọ́n. Ní ọdún 2025, wọ́n dán àwọn ògbóǹkangí akọ̀wé ètò kọ̀ǹpútà 16 wò. Nígbà tí wọ́n lo ọgbọ́n àtọwọ́dá, àkókò tí iṣẹ́ gbà fi ìdá 19 nínú 100 gùn sí i. Síbẹ̀, àwọn fúnra wọn rò pé ó yá àwọn ní nǹkan bí ìdá 20. Aago ni ó já irọ́ náà.

Ẹ̀kẹrin, ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ̀yin tí ẹ ní ọ́fíìsì, ilé ìtẹ̀wé, ilé ìwòsàn àti ilé ìṣirò. Ẹ lo ẹ̀rọ, ẹnikẹ́ni kò dá yín lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ẹ fi díẹ̀ nínú owó tí ó bá yín dín kù gba ọmọ-iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí ó jókòó tì yín, kí ó máa wá àṣìṣe inú iṣẹ́ ẹ̀rọ, kí ẹ sì fi èyí tí ojú rẹ̀ fò hàn án. Bí iṣẹ́ bọ́tìnnì bá ti lọ, ẹ wá àkàsọ̀ mìíràn tí ọmọ yóò gbà gòkè. A kò bí ẹnikẹ́ni nínú yín ní ọ̀gá. Ẹnì kan ni ó fara da àṣìṣe yín nígbà kan.

N kò ní tàn yín jẹ. Àwọn kan yóò pàdánù iṣẹ́ láìjẹ́ pé wọ́n ya ọ̀lẹ. Akíkanjú ni ọ̀pọ̀ taipísì tí ó padà sílé. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá pàdánù iṣẹ́ láàárín wa, kí á má ṣe wàásù fún un nìkan; kí á jókòó tì í kí ó lè kọ́ òmíràn.

Mo fẹ́ kí a mú ìpinnu kan kúrò níhìn-ín. Kí olúkúlùkù àgbà tí ó ní iṣẹ́ lọ́wọ́ nínú wa mú ọ̀dọ́ méjì, kí ó sì máa fi wákàtí kan lọ́sẹ̀ kọ́ wọn ní ohun tí kò sí nínú ìwé: bí a ti ń mọ̀ pé ìṣirò kan ń parọ́, bí a ti ń bá oníbàárà tí inú ń bí sọ̀rọ̀, bí a ti ń sọ pé “mo ṣàṣìṣe” kí ẹlòmíràn tó rí i. Kò gba owó. Àkọ̀wé yóò gba orúkọ yín lẹ́nu ọ̀nà. Èmi ni kí ó kọ́kọ́ kọ.

Ní ti ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó bi mí léèrè, ó wà ní ìjókòó níbí, n kò sì ní dárúkọ rẹ̀. Ọmọ mi, má ṣe fi ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe ní ìṣẹ́jú kan nílò ẹni tí yóò sọ bóyá ó tọ̀nà. Ọdún mẹ́rin rẹ kò gùn jù láti fi di ẹni náà. Bí ó bá di ọjọ́ Àìkú, mú ìwé ìṣirò rẹ wá sí ilé mi, kí o má sì mú fóònù. Orúkọ tìrẹ ni àkọ́kọ́ nínú méjì tèmi.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tí ó ń ṣàǹfààní, kí Ó sì jẹ́ kí àwọn tí yóò rọ́pò wa sàn jù wá lọ. Àmín.

Wa as-salaamu alaykum wa rahmatullah.